Ní Ọgbà Ìgbafẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Tákíé.
Mo di Bàbá mú lápá, a fẹsẹ̀ tọ ẹ̀gbẹ́ odi lọ.
Ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́ lára bíríkì
bí ẹni ń kàwé.
"Ibí ni ògiri ti wó nígbà òjò ńlá ọjọ́sí."
Lóòótọ́ ni, símẹ́ńtì ibẹ̀ tuntun ju ìyókù lọ.

Igba náírà ni ẹnìkan. Mo fún Mùdá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà
ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò ní ṣéńjì,
ó fi tọ́fí méjì dí i.
Bàbá bú sẹ́rìn-ín:
"Tọ́rọ́ ni nígbà tèmi,
a kì í sì í fi ohun jíjẹ san gbèsè."

Ọdún méjìlélógún ló fi dúró síhìn-ín,
Ọládòsù Fótò,
àpótí dúdú lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta,
aṣọ dúdú tó ń dà borí
bí ẹni tí ń gba oru àgbo.
Ó ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó,
ó ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde Mọ́dà,
ó ya ọkùnrin kan tó yá bàtà wá, tó sì gbàgbé láti dá a padà.
Nísinsìnyí ojú ti ṣú tán.
Ó ní kí n máa wí fún òun.

Mo wí fún un:
panṣẹ́kẹ́ ti tanná, pupa rẹ̀ ń jábọ́ sórí koríko.
"Igi mélòó?"
Mẹ́rin.
"Méje ni wọ́n." Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Èwo ló lọ? Ṣé ti ẹ̀gbẹ́ ilé omi ni?"
N ò mọ èwo ló lọ. Kùkùté kan ṣoṣo ni mo rí,
ọmọkùnrin kan jókòó lé e,
ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

Mo wí fún un:
àga símẹ́ńtì ṣì wà, wọ́n ti kùn ún láwọ̀ ewé,
ọ̀dà náà sì ń bó.
Ẹnìkan ti fi ìṣó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀:
ADÉJÌMÍ ÀTI WÚRÀỌLÁ, 1961.
"Wúràọlá? Akọ̀wé póòsì ló fẹ́.
Èmi ni mo ya fótò ìgbéyàwó náà.
Adéjìmí wà nínú rẹ̀, lápá òsì pátápátá.
Òun nìkan ni kò wo kámẹ́rà."

"Ẹja ńkọ́?"

Ẹja símẹ́ńtì tó yanu sókè láàárín adágún,
tí gbogbo ìlú ń dúró tì ya fótò.
Mo wò ó. Ìrù rẹ̀ ti ká.
Alángbá kan yọrí láti ọ̀fun rẹ̀,
ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ òótọ́ fún.
Nínú adágún, ewé gbígbẹ àti ọ̀rá píọ́wọ́tà.
Mo ní, "Ó ń tú omi, Bàbá."

Ó dúró. Ó dẹ etí sí i.
Ohun tí mo gbọ́ lòun náà gbọ́:
ọ̀kadà lójú títì,
àdàbà,
ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ lọ́nà jíjìn.
"O ṣeun," ó ní.
"Omi tí kì í pariwo ló dára."

Lẹ́yìn náà: "Ó yá, dúró tì í.
Rárá, sún sọ́tùn-ún, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ."
Iwájú orí rẹ̀ ló fi ń wá oòrùn.
Ó ká ọwọ́ méjèèjì sójú, ó tẹ̀ ba
bí ẹni wà lábẹ́ aṣọ
tí ikán ti jẹ tán láti ọjọ́ pípẹ́.
"Àwẹ̀ró, gbé àgbọ̀n sókè. Má ṣẹ́jú. Má mí."

N ò mí.
Alángbá náà ò mí.
Òdòdó pupa kan já, ó bà lé e léjìká, kò mọ̀.

"Ó parí. Wá gbà á lọ́jọ́rú."

Mo bó ọ̀kan nínú tọ́fí Mùdá,
mo fi sí i lẹ́nu.