Ẹfun Ìkarahun

Òjò ọdún mẹ́rìnlá ló lá ìga yìí
títí ó fi rí bí àkàrà tí eku jẹ kù.
Ìjọba ní yóò di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.
Wọ́n já sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó.
Mo ní rárá.

Ẹfun ìkarahun ni bàbá mi fi rẹ́ ẹ,
èyí tí wọ́n kó létí ọ̀sà, tí wọ́n sun mọ́jú.
Ògiri tí kò lè mí, inú ni yóò ti jẹrà.

Ẹnjiníà wò mí bí ẹni wo ọmọdé.
Lọ́jọ́ kẹta ló ránṣẹ́:
“Ìyá Sùbúọlá, ẹ wá wo nǹkan.”

Wọ́n ti fọ èéfín iná ọjọ́sí kúrò.
Láti orúnkún dé àyà, ìlà èédú,
bí àwọn ọmọ ilé ṣe ga tó lọ́dún náà:
Lábínjọ́. Ọ̀ṣínwọ̀.
Nísàlẹ̀ pátápátá, Awáwù.

Ìyá mi nìyẹn.
Ẹbí ìga ní kò gbé ibẹ̀ rí.

Lọ́la wọn yóò kùn ún ní funfun, mínísítà ń bọ̀.
Mo po ẹfun tèmi lálẹ́ yìí,
mo rẹ́ ògiri yí ìlà náà ká.
Mo fọwọ́ kàn án.
Kò tíì gbẹ.