Ìwé Gbèsè Bàbá Gàníyù

Ní Kafanchan, níbi tí ojú irin ti pínyà,
tí ọ̀kan forí lé Kàdúná, tí èkejì ń gun òkè lọ sí Jọ́ọ̀sì,
ilé oúnjẹ kan wà tí kò ní pátákó.
Bẹ́ńṣì mẹ́rin, ìkòkò mẹ́ta,
àti ọkùnrin kan nínú kóòtù funfun rélùwéè
tí bọ́tìnì rẹ̀ ku méjì.

Òun ló ń gbé oúnjẹ kiri inú ọkọ̀ ojú irin
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ọkọ̀.
Ó ní òun a máa bu ọbẹ̀ lórí afárá Bẹ́núé,
ẹ̀kán kan kò ní í ta sílẹ̀.
Nígbà tí irin dákẹ́, tí koríko hù láàárín rẹ̀,
tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dirù padà sí Ọ̀fà,
ó ní, "Ebi ò gbọ́ pé rélùwéè ti kógbá sílé."
Ó dáná.

Mo wọlé lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń la ètè,
èmi akẹ́kọ̀ọ́ Gidan Waya. Mo ní kó ta ìrẹsì ogún náírà fún mi.
Kò wo owó. Ọrùn mi ló wò.
"Jókòó. Àwo kan ti ń retí rẹ láti àárọ̀."
Irọ́ ni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ àwo náà lọ́wọ́.

N kò gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni ní olólùfẹ́ rí.
Saratu ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ọmọ àwọn tó ń gbin atalẹ̀ ní Kwoi,
"Ìwọ yìí" ló ń pè é.
Ṣùgbọ́n èépá ìdí ìkòkò, ti Saratu ni.
Lẹ́yìn tí Saratu kú, á ṣì ha á, á bù ú sọ́tọ̀,
á wá wò yíká bí ẹni tó gbàgbé nǹkan,
á gbé e fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù.
Èmi a máa tètè dé.

Lọ́dún tí ìlú dàrú, tí ṣọ́jà ní kí ẹnikẹ́ni má jáde,
ó yọ búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lára ògiri ẹ̀yìn.
Abọ́ ń jáde, ọwọ́ ń gbà á.
Kò rí ojú, kò bèèrè orúkọ,
kò bèèrè ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń kọrin.
Ó ní ọwọ́ ọmọdé ló pọ̀ jù.
Kò dí ihò yẹn títí ó fi kú.

Bí owó rẹ kò bá pé, á na ọwọ́ sí ìwé kan
tó fi okùn so mọ́ ìṣó: "Máa lọ. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."
Gbogbo wa la bẹ̀rù ìwé yẹn.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń ti Abuja kọjá níwájú ilé rẹ̀ tí n kò yà.

Ìgbà máńgòrò ló lọ.
Mufutáù ọmọ rẹ̀ pè wá, kí onígbèsè wá san gbèsè.
A tú owó wa sórí bẹ́ńṣì. Ó ṣí ìwé, ó kà:

*Táńkò: má fi ata sí tirẹ̀, ọgbẹ́ inú.*
*Ọmọ tó ń kólòlò: má bá a sọ̀rọ̀ kó tó jẹun tán.*
*Ọlọ́dẹ báńkì: ó ń gbé ìdajì lọ sílé. Bù ú kó pọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé o mọ̀.*
*Ọlọ́rùn gígùn: èépá. Ó máa ń purọ́ pé òun ti yó.*

Kò sí iye owó kankan.
Mufutáù gbọn ìwé náà, ó tún un gbọ̀n.

Ní Nyanya báyìí, mo máa ń jẹ́ kí ìrẹsì jó díẹ̀ nísàlẹ̀.
Ọkọ mi ní iná mi ti le jù.
N kì í fèsì.
Mo ń fọ àwo kan lé iye tí a jẹ́.