Ó Ku Etí Aṣọ

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi irin gbígbóná lọ aṣọ
ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dúndé, nísàlẹ̀ òkè l'Ẹ́fọ̀n-Aláayè.
Ẹ má bi ará àdúgbò. Èmi ni kí ẹ bi.
Bí ọ̀gá mi bá fi téèpù yí obìnrin ní ìbàdí,
kì í pe nọ́ńbà sókè bíi télọ̀ yòókù;
á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹni tó gé ọ, kò kánjú."
Obìnrin tó wá tún sípì ṣe á padà wá rán odindi gáùn.

Ṣùgbọ́n gáùn kan wà tí kì í parí:
ti Ìbídùn, tó ń tún fóònù ṣe lókè lọ́hùn-ún.
Gáùn ìgbéyàwó. Funfun. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin.
Bó bá bèèrè, ọ̀gá á ní, "Ó ku etí aṣọ."
Lọ́sàn-án, á rán etí aṣọ. Lóru, á tú u.
Èmi ni mo ń ṣa òwú tó bá tú:
mo ti fi kún ìrọ̀rí kan, èkejì ti dé ìdajì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan tí kùrukùru bo òkè, tí a kò rí òpó iná,
Dọ́káàsì nọ́ọ̀sì wọlé wá gba yunifọ́ọ̀mù,
ó jókòó, kò bèèrè yunifọ́ọ̀mù mọ́.
Kò pẹ́ tí Mosúnmọ́lá, tíṣà ìṣirò, ń nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀gá ti nọ́ọ̀sì sẹ́yìn kọ́tìnì.
Tíṣà ò tíì jẹ gúgúrú tó bù fún un tán
tí mo yọjú lójú fèrèsé: "Ọ̀gá, Ìbídùn ń bọ̀."
Ó ti tíṣà sẹ́yìn kọ́tìnì kan náà.
Mo fẹ́ sọ fún un. Abẹ́rẹ́ ló kún ẹnu mi.
Ó wá ku òun alára, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la sì ní.
Ọ̀gá fa gáùn funfun yọ, ó korí bọ̀ ọ́,
ó fi ìbòjú bo irùngbọ̀n,
ó dúró gbagidi láàrin àwọn ọmọláńgidi tí kò lórí.

Ìbídùn wọlé. Kò bèèrè ọ̀gá.
Ó rọra yí gáùn náà po lẹ́ẹ̀mejì.
"Ó mà kù díẹ̀ lóòótọ́. Ìbàdí yìí fẹ̀ jù."
Ó mú pínnì kan, ó gún un. Ọmọláńgidi ò mira.
Ó mú ìkejì. Ọmọláńgidi ń làágùn.
Ìkẹta wọlé jìn díẹ̀,
ni ọmọláńgidi bá ké pe Jésù,
ni kọ́tìnì bá já,
ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì bá já lulẹ̀, wọ́n di ara wọn mú bí ìbejì.

Mo ti sá sábẹ́ tábìlì de ìjà. Ìjà ò wáyé.
Dọ́káàsì di ọwọ́ ọ̀gá mú, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù,
ó ní kò ní kú.
Mosúnmọ́lá fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò owó tó yá a sára ògiri.
Ìbídùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
"Má bọ́ ọ," ló wí. "Wọ̀ ọ́ gun òkè lọ bá bàbá mi."

Ó gun òkè. Èmi ni mo gbé ìrù gáùn,
torí mo mọ iye tí a ra lésì yẹn.
Bàbá Ìbídùn ń pọ́n àdá níwájú ilé.
Ó wo ìbòjú. Ó wo irùngbọ̀n.
Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn wa, bí ẹni ń retí ẹlòmíràn.
"Ùyàwó ti dé ulé," ló wí. "Ọkọ dà?"

Ọ̀gá mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀,
la ẹnu, ó pa á dé.
Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, lésì nínú ẹrẹ̀.
Ilẹ̀ ṣú, mo fi wọ́n síbẹ̀, mo lọ ti ṣọ́ọ̀bù.

Lówùúrọ̀, téèpù ọ̀gá wà lórí tábìlì Ìbídùn,
láàrin àwọn fóònù tó tú sílẹ̀, ó ká a roboto.
Mi ò bèèrè nǹkan kan.
Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí:
ìrọ̀rí kejì ṣì wà ní ìdajì.