Ife Tíì Nínú Òkùnkùn

Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá wa wà ní Wrocław,
nítorí tíráàmù tó ń kọjá lójú pópó
a máa mi tábìlì,
a sì máa mi ọkàn ẹni tó bá ń wọn nǹkan.

Oṣù Kejì. Odò Odra ti dì gbagidi.
Pan Zbysław ń da náítírójìn olómi sínú ìgò irin,
èéfín funfun ń ràbàbà lórí bàtà rẹ̀.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún mẹ́ta;
ọwọ́ ló fi ń mọ ìdè tó bá tú.

Lórí àwo tí kò tó èékánná ọmọdé
la gbìn wọ́n sí: hóró kírísítà,
ẹ̀yà òkúta tí kì í gba iná tán, tí kì í sì í kọ̀ ọ́ tán.
Ẹgbẹ̀rún wọn tò tẹ̀lé ara wọn,
kò ju ìbú irun orí kan lọ.
Ìtàn wọn ò gùn:
ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a gòkè, a sì já sí ihò.
Ẹni tó já sí ihò a máa ké;
èyí já sí ihò, ó tàn.
Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju pupa lọ,
ojú èèyàn kò bá a pàdé rí.

Aago méjì òru, ìlà orí ẹ̀rọ gbéra,
ó gòkè bí ẹ̀yìn ológbò tínú ń bí.
Mo pariwo. Mo dì mọ́ Pan Zbysław.
Ó ní, “Jagoda, rọra. Gbé tíì rẹ kúrò níbẹ̀.”
Mo gbé ife kúrò.
Ìlà náà sùn.

Tíì! Tíì olóròm̀bó la ti ń kí káàbọ̀.
Ìgbà náà ló yé mi pé ohun tó bá ti móoru ń tàn:
ife, ògiri, ọrùn mi,
àtẹ́lẹwọ́ bàbá arúgbó yìí.
Àtùpà ni gbogbo wa,
a kò kàn rí iná ara wa ni.

Ní òru kẹta, a fi bébà fàdákà bo ohun gbogbo,
a mú kí ojú ẹ̀rọ tutù títí òun pàápàá kò fi tàn mọ́,
a jókòó sẹ́yìn ògiri, a ń mí díẹ̀díẹ̀.
Nígbà náà ni àwọn hóró sọ tiwọn:
òkè kan ṣoṣo, tín-ín-rín,
níbi tí ìṣirò mi kò yàn fún un.

Mo ní, “Ṣé ẹ rí i?”
Ahọ́n ti yọ̀ kí n tó ronú.
Pan Zbysław rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì:
“Lórí èyí, ọmọ mi, ọgbọọgba la jẹ́.”
Ó wá béèrè bóyá tíì ṣì kù.