Ife Tíì Bogumił

Wákàtí mẹ́jọ lórí ìjókòó awakọ̀ ní Gdynia,
Bogumił kò mu tíì, kò fẹnu kan omi,
ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi ìgbà òtútù.
Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń fi ìwo méjì fa iná lára wáyà,
òun fúnra rẹ̀ ń fi eyín há eyín.
A rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà.
A rò pé ahun ni, pé kò fẹ́ dá owó kọfí.
A kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ló ń sá fún.

"Bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn mi," ó ní,
"ńṣe ni ara mi máa ń tìlẹ̀kùn mọ́ mi.
Ìtọ̀ á kún inú, ojú ọ̀nà á kọ̀.
Màá dúró bí òpó, màá máa ka bíríkì ara ògiri,
màá fọ ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan,
màá jáde bí ẹni tó ti ṣe é tán."

Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fi ọṣẹ parọ́!

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, nílé-ìwé, lẹ́yìn eré bọ́ọ̀lù,
àwọn ọmọkùnrin tò sẹ́yìn rẹ̀,
ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tiẹ̀ ti dí!"
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Olúkúlùkù wọn ti gbàgbé, wọ́n ti bímọ, orí wọn ti pá.
Ẹ̀rín yẹn nìkan ni kò tíì lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Halszka ló sọ fún un
pé kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọ̀lẹ:
ẹ̀rù ló kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ burúkú,
ara sì lè tún ẹ̀kọ́ kọ́.
Ó ní kó wá ọ̀rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá bá mi.
Láyé mi, ẹnìkan kò bẹ̀ mí ní irú ẹ̀bẹ̀ yìí rí:
"Jọ̀ọ́, wá dúró nítòsí kí n tọ̀."

Ọjọ́ Sátidé, ó mu ife omi mẹ́rin nílé rẹ̀.
Mo dúró nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́.
Ó ṣe é.
Lọ́sẹ̀ kejì mo gun àtẹ̀gùn méjìlá.
Lọ́sẹ̀ kẹrin mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wúkọ́ bí ó ti ní kí n máa wúkọ́.
Nígbà tó yá, èmi àti ilẹ̀kùn la jọ ń fojú kojú,
mò ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja fún un.

Ní oṣù kẹta, àna rẹ̀ ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn náà,
gbogbo rẹ̀ wó.
Mo padà sọ́dọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́.
Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ta ló ń ka iye ìgbà
tí ẹlẹ́dẹ̀ náà fa imú rẹ̀ yọ?

Oṣù Kejìlá, ibùdókọ̀ ojú irin,
aago méje àárọ̀, èrò ń wọlé, èrò ń jáde.
Ọkùnrin kan tí ẹ̀wù rẹ̀ ń rùn bí àwọ̀n apẹja
dúró sí òsì rẹ̀, ó ń kùn fún ara rẹ̀.
Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń díbọ́n pé mò ń so okùn bàtà.
Ó pẹ́. Mo tú u, mo tún un so.
Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ,
tóóró, bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí yìnyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́.
Ọkùnrin apẹja kò tilẹ̀ wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, níbẹ̀ kan náà, kò rí i ṣe.
Ó gbé èjìká sókè, ó ní, "Ó dọ̀la."

Àmọ́ láàárọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọjá mi,
mo rí ife ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ìdarí,
tíì ni, ó kún dé etí,
ooru rẹ̀ ń kọ nǹkan sára gíláàsì.