Ogójì Péré

Ẹgbàárùn-ún ni iléeṣẹ́ Ìkẹjà lóun lè ṣe,
kò níí dín ní ẹyọ kan.
Ẹ̀rọ ńlá kì í jí nítorí ogójì.
Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ojú Ìyá Sùwébátù.

Ogójì obìnrin ló rán an sí mi l'Ókè-Balógun,
àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Abẹ́rẹ́ àwọ̀n tó wà lọ́jà gùn ju àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ,
ó sanra, kò wọ ojú àwọ̀n ṣáwá.
Ìyá tú ìdí ìró, ó yọ tirẹ̀:
igi ni, bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ,
ó tẹ̀ díẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ń sinmi lé.
Ó ti ṣẹ́. Ó fi òwú dì í bí ẹni di ẹsẹ̀ adìyẹ.
"Anjọ́rìn, ṣe irú èyí."

Mo fi ìda mọ ọ́n.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn tí mo jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
mo yọ́ písítìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó ti kú,
mo dà á sí i: mọ́ọ̀dù dé.
Jáàkì tí mo rà lọ́wọ́ fọ́kánáísà
ni yóò máa ti ike gbígbóná wọlé.
Ike ọ̀hún? Ìdérí ìgò, kẹ́ẹ̀gì òróró tó là.

Àkọ́kọ́ jáde bí ẹnu arúgbó, ihò níwájú, ihò lẹ́yìn.
Òjò ti pa ike, èmi ni mi ò sá a.
Ìkejì lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù, mo bú u títí.
Ìkẹta wọ́.
N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkẹrin,
àpá rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Ìkẹrìndínlógún ló dán,
tí mo gbé e sójú oòrùn, tí mo dákẹ́.

Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.
Iléeṣẹ́ ńlá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin lẹ tóbi.
Tèmi kéré, ó sì wọ̀ ọ́.

Ìyá ka ogójì, ó tún un kà.
Ó fi ọ̀kan kọ́ okùn, ó ta kókó mẹ́ta láì wolẹ̀.
Ti igi yẹn, ó dá a padà sídìí ìró.
Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà:
"Àwọn ará Ẹ̀jìnrìn ti gbọ́ o.
Mẹ́tàdínlógún ni tiwọn.
Àmọ́ ọlọ́wọ́-òsì ni mẹ́ta nínú wọn."

Mo na ọwọ́, mo tún mú ìda.