Gbé E Bọ̀

Àwọn mẹ́ta ló wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun:
ọ̀kan mú ìwé dání, ọ̀kan ru àkàbà tí wọn kò lò,
èyí tó kéré jù gbé garawa ọ̀dà pupa.
Wọn kò kí wa. Búrọ́ọ̀ṣì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀,
igi méjì dábùú ara wọn lára ògiri mi,
ọ̀dà ń kán láti ẹsẹ̀ wọn
bí ẹni tó tẹ ìgò mọ́lẹ̀.
Ọjọ́ méje, ni ìwé wí.

Lẹ́tà yìí kò sí nínú a-bí-dí wa.
Láti A títí dé Y, olùkọ́ kò pè é rí,
àfi bó bá fẹ́ fi hàn pé a kùnà.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.
Mo fa àpótí irin bàbá mi jáde lábẹ́ ibùsùn:
rìsíìtì iná, fọ́tò ìyá mi tí ikán ti jẹ etí rẹ̀,
àti igi pẹlẹbẹ kan, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ,
tí Úwè, ará Jámánì, fi ọ̀bẹ fín
lọ́dún tí wọ́n ń fọ́ àpáta Mpàpé
fún títì ìlú tuntun.

Bàbá mi ló fà á yọ lábẹ́ òkúta.
Kò sọ ọ́ di ìtàn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló há," ló máa ń wí.
Òyìnbó náà fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ ẹ̀ka máńgòrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù,
ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní àmì àwọn baba ńlá òun ni,
igi àti òkúta ni wọ́n ń fín in sí kí tákàdá tó dé ọ̀dọ̀ wọn.
Ẹ̀bùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gébò lorúkọ rẹ̀.
Bàbá mi, ọmọ Ìgbẹ́tì, gbọ́ Gbé e bọ̀.
Ó bú sẹ́rìn-ín: "Èwo ni kí n gbé bọ̀?"
Òyìnbó ní ó gbọ́ ọ dáadáa.
Ohun tí a bá fúnni kì í jókòó.

Nílé wa, a ní ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè.
Yí igi yìí. Dorí rẹ̀ kodò.
Ta ló wà lókè?
Mo ti ń wò ó láti kékeré, n kò tíì rí èyí tó jẹ́ ọ̀gá.
Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì ṣubú.

Màmá Láraba, ọmọ Gbàgyí,
tó ń gbé igi ìdáná sí èjìká
nítorí orí lọba, a kì í di ẹrù lé ọba,
kò ta ilẹ̀ yìí fún bàbá mi. Ó fún un ni.
Bàbá mi gbẹ́ kànga fún un;
nígbà tí omi jáde, ó pọn àkọ́pọn, ó ní kí bàbá mi mu.
Kò sí ìwé. Kò sí òǹtẹ̀.
Òun ni wọ́n sì ń béèrè báyìí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ọ̀dà wà lára ilé tirẹ̀ náà,
ó fi Haúsá bi mí: kí ni wọ́n kọ?
Mo ti lanu láti sọ pé wọn yóò wó o.
Igi bàbá mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Mo ní: "Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ fún wa."
Ó wò mí títí. "Òótọ́ ni," ló wí.

N kò sọ pé àmì lè gbà wá.
Katakata kì í ka ìwé baba ńlá ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, ọmọ ọlọ́dà nìkan padà wá,
ọmọrí garawa rẹ̀ ló gbàgbé.
Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Páànù ń ta pá, pá, nínú oòrùn.
Ó tọrọ omi.
Mo dúró. Mo pẹ́ kí n tó mira.
Mo fa omi nínú kànga,
mo nawọ́, ó nawọ́.
Ó mu ún tán, kò gbójú sókè.
Ìka pupa mẹ́rin wà lára kọ́ọ̀bù
nígbà tó gbé e bọ̀.